Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Parí Gbólóhùn Rẹ̀

Olè pọ̀ ní ilé-ìwé wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jí ìwé ẹlòmíràn, a ó bá a wí. Bí olùkọ́ bá fọwọ́ kan owó ilé-ìwé, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè kan wà tí ń ṣọṣẹ́ lójoojúmọ́, ní ojú gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni kì í mú. Olè náà ni ẹni tí ń jí àkókò ẹ̀kọ́. Kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Ńṣe ni ó ń kàn án tẹ̀ríntẹ̀rín. Kì í sá lọ. Ńṣe ni a ń dìde kí i. Nígbà tó bá sì ṣe tán, àwa tí ó jà lólè gan-an ni a ó máa sọ pé, “Ó dàbọ̀ o.”

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìdálọ́wọ́kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan. Wọn yóò ní, ìṣẹ́jú méjì péré ni, kí ló wá kan ariwo? Èsì mi ni pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìṣẹ́jú méjì yìí ni ó ti jẹ ọgbà wa tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ èdè Yorùbá kan ṣe àpẹẹrẹ, ní kíláàsì SS 2, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àrànmọ́ àti ìpàrójẹ. Gbogbo olùkọ́ èdè ló mọ̀ pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Olùkọ́ ti kọ “ilé ìwé” sí ojú pátákó. Ó ti fi hàn wọ́n bí fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì ṣe fi ìwà jọ èyí tó parí ọ̀rọ̀ kìíní, tí a fi ní “iléèwé”. Fáwẹ̀lì kankan kò kú níbẹ̀. Ọ̀kan ló jọ èkejì. Ó wá kọ “gbé ọmọ” sí ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo eléyìí dáadáa. Níbí, fáwẹ̀lì kan ti sọnù pátápátá, ó wá di ‘gbọ́mọ’. Fáwẹ̀lì lọ, ṣùgbọ́n...”

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ mìíràn wọlé. Gbogbo kíláàsì dìde gìrọ́, wọ́n fi ohùn orin kí i, wọ́n sì dúró títí ó fi ní kí wọ́n jókòó. Orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni ó bá wá. Ó ka orúkọ kan, ó ka èkejì. Àwọn kan ń tú àpò, àwọn kan ń ṣàlàyé pé bàbá àwọn kò sí nílé, àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, olùkọ́ èdè yíjú sí pátákó, ó ní, “Ibo la dé?” Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “‘Gbọ́mọ’, sà.” Olùkọ́ ní ó dára, ó sì bọ́ sí orí àpẹẹrẹ tó kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tó sọnù. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún nìkan ló sọnù. Ìdajì gbólóhùn kan ló sọnù, ìdajì náà sì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ohun tí olùkọ́ fẹ́ sọ ni pé fáwẹ̀lì lọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ; ó fò sórí fáwẹ̀lì tó kù. Ìdí nìyí tí a fi ń pe “gbọ́mọ” pẹ̀lú ohùn òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ọmọ” fúnra rẹ̀ kò ní ohùn òkè kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìdajì yìí yóò kọ “gbọmọ” sínú ìdánwò láìfi àmì kankan sí i. Olùyẹ̀wò yóò fà á nígi. Nígbà tí èsì bá jáde, àwa àgbà yóò jókòó ní ìpàdé, a ó máa mirí, a ó ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn èdè abínibí wọn. Ta ló gba gbólóhùn lẹ́nu olùkọ́ wọn?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama wa, 40 ìṣẹ́jú ni àkókò ẹ̀kọ́ kan. Ká ní iṣẹ́ kan ní àkókò mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí sáà sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, àkókò 39 ni a ní. Bí ìdálọ́wọ́kọ́ bá ń mú ìṣẹ́jú 10 péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 390 ti lọ nìyẹn. Bí a bá fi 40 pín in, ó ku díẹ̀ kó pé àkókò ẹ̀kọ́ mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti pàdánù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ nínú sáà kan, láìjẹ́ pé olùkọ́ pa iṣẹ́ jẹ, láìjẹ́ pé òun náà sá nílé-ìwé. Bí olùkọ́ kan bá dìde lónìí tó ní òun kò ní wá síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó kọ̀wé sí i kó tó di ọ̀la. Àmọ́ nítorí pé ìṣẹ́jú méjì-méjì la fi ń jí èyí, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí kò tíì sọ gbogbo òtítọ́, nítorí pé ọkàn ènìyàn kì í ṣe iná mànàmáná tí a lè pa kí a sì tún tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2009, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ohun tó rí ni pé bí a kò bá parí iṣẹ́ àkọ́kọ́, apá kan ọkàn wa yóò ṣẹ́kù sí ìdí rẹ̀, a kò sì ní lè fi gbogbo ara ṣe èyí tó kàn. Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti rí. Ọmọ tí wọ́n pe orúkọ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò máa rò fún ìṣẹ́jú 20 tó kàn? Ara rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sílé lọ bá bàbá rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ṣáà ń parí. Òótọ́ ni, ó sábà máa ń parí. Gloria Mark, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Irvine, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi èyí hàn ní ọdún 2008. Wọ́n rí i pé àwọn tí a ń dá lọ́wọ́ kọ́ tilẹ̀ ń yára parí iṣẹ́ ju àwọn tí a kò dá lọ́wọ́ kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí iye tí àwọn wọ̀nyí san fún un: wàhálà ọkàn pọ̀ sí i, ìbínú pọ̀ sí i, kíkánjú pọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe rí gan-an nìyí. Ìlànà iṣẹ́ sáà yóò parí lórí ìwé. Olùkọ́ yóò fi ìgè lé e, yóò kọ àkọsílẹ̀ sí ojú pátákó pé kí wọ́n dà á kọ, yóò sì fọwọ́ sí ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun ti ṣe é. Ìwé yóò pé, ọpọlọ yóò ṣófo. Iṣẹ́ ọ́fíìsì lè fara da kíkánjú. Iṣẹ́ kí ọmọ lóye nǹkan kì í fara dà á, nítorí pé ẹni tí a ń kọ́ kò lè sáré ju òye rẹ̀ lọ.

Mo ti gbọ́ àwíjàre mẹ́ta tí a máa ń fi gbe ìwà yìí lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Àwíjàre kìíní ni pé àṣà wa ni. Wọ́n ní Yorùbá kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn; wọ́n ní ẹni tó bá ní kí wọ́n má dá òun lọ́wọ́ kọ́, ìwà òyìnbó ló ń hù. N kò mọ irú Yorùbá tí àwọn wọ̀nyí ń sọ. Yorùbá tí mo mọ̀ ni ó dá ìkíni sílẹ̀ fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń kọjá lè bu ọlá fún un láìjẹ́ pé iṣẹ́ dúró. Ẹ kí onídìrí pé, “Ojú gbooro o.” Yóò ní, “Òòyà á yà o,” ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò nínú irun. Ẹ kí àgbẹ̀ pé, “Àrokò bọ́dún dé o.” Yóò dáhùn, ọkọ́ rẹ̀ kò sì ní dúró. Ẹ kí ọlọ́jà pé ajé á wọgbá, yóò ṣe àmín, yóò sì máa ka owó rẹ̀ lọ. Ìkíni wọ̀nyí kúrú, wọ́n jẹ́ àdúrà, ohun tí wọ́n sì gbàdúrà fún ni iṣẹ́ náà. Àwọn tó dá wọn sílẹ̀ mọ̀ pé a lè yẹ́ ènìyàn sí láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo nínú ìkíni wọ̀nyí ló ní kí onídìrí fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ààbọ̀, kó dìde dúró gìrọ́, kó máa kọrin kí ẹni tó ń kọjá?

Ẹ tún wo ahunṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tó bá ń hun aṣọ tó ní ọnà lára, ńṣe ni ó ń ka òwú. Bí ẹnì kan bá fi ìtàkùrọ̀sọ gba kíkà lẹ́nu rẹ̀, ọnà yóò wọ́, gbogbo ayé yóò sì rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ aṣọ náà. Nítorí náà ni ẹni tó bá gbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ bá ahunṣọ nígbà tó bá ń ka òwú. Ẹ wo ọmọ awo tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ, ọmọ yóò tẹ̀ lé e, títí ẹsẹ yóò fi pé. Àárín ẹsẹ kọ́ ni a ti ń rán ọmọ awo lọ ra iyọ̀. Bí àwọn bàbá wa bá ti gba irú ìdálọ́wọ́kọ́ tí a ń gbà nílé-ìwé láyè ni, kò dájú pé Ifá yóò dé ọwọ́ wa. Nítorí náà, ẹ má fi àṣà bojú. Àwọn baba ńlá wa ló pa á lówe pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Bí ààlà bá lè wà láàárín baba àti ọmọ, tí kò sì ba ìfẹ́ jẹ́, kí ló dé tí ẹnu-ọ̀nà kíláàsì kò fi lè jẹ́ ààlà?

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ọ̀gá ló ń pè, ṣé kí n má dáhùn ni?” Èyí sòro díẹ̀, nítorí pé ìbọ̀wọ̀fágbà jẹ́ ohun iyebíye láàárín wa, n kò sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ka ọ̀rọ̀ yìí kó wá máa fi ìgbéraga dá àgbà lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀fágbà ní ojú méjì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ni àgbà ọjà yìí. Ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i pé orí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ dúró dáadáa. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá jẹ́ ẹni tó ń rán ìránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan láti pe olùkọ́ kúrò níwájú ọmọ 40, ta ni yóò wá bá a tún orí náà ṣe? Ẹ̀yin tí a sì ń rán, ẹ rántí pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọlúàbí tí a rán sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí gbólóhùn yóò fi parí. Ẹni tó bá já wọ inú ọ̀rọ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí ẹrú.

Àwíjàre kejì ni pé fóònù ló fà á. Èyí ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé ó gbé ẹ̀bi náà lé orí àwọn ọmọdé. N kò ní gbèjà fóònù. Ó ti di ohun tí ìjọba ayé ń ṣòfin lé lórí. Ilẹ̀ Faransé ṣòfin ní ọdún 2018 tó ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìpele àkọ́kọ́ girama má ṣe lo fóònù nílé-ìwé. Ní ọdún 2023, àjọ UNESCO gbé ìròyìn kan jáde lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́, ó sì kìlọ̀ pé ibi tí ẹ̀rọ bá ti ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ nìkan ni kí a ti lò ó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Brazil náà fọwọ́ sí òfin tó dín lílo fóònù kù ní àwọn ilé-ìwé rẹ̀, ní kíláàsì àti ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́. Gbogbo èyí dára. Bí fóònù bá ń dún nínú àpò ọmọ, kí a gbà á.

Ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí tẹrútọmọ ń lò wọ Nàìjíríà. Ṣé àwọn tó wà nílé-ìwé kó tó di ìgbà náà yóò sọ pé àwọn kàwé nínú ìdákẹ́rọ́rọ́? Kí fóònù tó dé ni a ti ń pe olùkọ́ kúrò ní kíláàsì. Kí fóònù tó dé ni àwọn tó ń ta ìwé àti àwọn tó ń polówó ìsọjí ti ń wọlé bí ẹni wọ ọjà. Kí fóònù tó dé ni olùkọ́ ti ń rán ọmọ lọ pọn omi, lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Fóònù kò kọ́ wa ní ìwà yìí; ó bá a nílé ni, ó sì jókòó tì í. Ohun tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ibi tí a ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, olùkọ́ ń gbé tirẹ̀ sétí níwájú pátákó. Yóò ní, “Mò ń bọ̀, ẹ máa kàwé,” yóò sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ni a rò pé ọmọ yóò kọ́ níbẹ̀? Ọmọ kò ní kọ́ pé fóònù kò dára. Yóò kọ́ pé òun kò tíì dàgbà tó láti máa dá ara òun lọ́wọ́ kọ́ ni.

Àwíjàre kẹta ni ó lágbára jù, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan yóò ní: “Ìwọ tó ń kọ̀wé, o kò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń béèrè fún àkọsílẹ̀ lónìí tí wọ́n fẹ́ kó dé lónìí. Olùkọ́ kò tó. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò sí. Bí òbí bá dé pẹ̀lú ọ̀ràn pàjáwìrì, ṣé kí n ní kó dúró di ìgbà tí agogo bá lù?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí iná bá ń jó, bí àìsàn bá kọlu ọmọ, bí ìròyìn òjijì bá ti ilé dé, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n tilẹ̀ ṣí i láìkàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a má ṣe é, òǹrorò ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ inú ka àwọn ìdí tí a fi kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mélòó nínú wọn ni iná? Mélòó ni àìsàn? Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè kò ní yí padà láàárín 40 ìṣẹ́jú. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ fọwọ́ sí kò ní gbẹ. Ìkéde eré ìdárayá ọjọ́ Ẹtì lè dúró de ìpàdé òwúrọ̀ ọ̀la. Àìtó òṣìṣẹ́ pàápàá kò dá ìwà yìí láre. Òun gan-an ló yẹ kó jẹ́ kí a túbọ̀ máa ṣọ́ ìwọ̀nba olùkọ́ tó wà. Ẹni tí omi rẹ̀ kò pọ̀ kì í fi wẹ ẹsẹ̀.

Ẹ̀rí kan sì wà tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò WAEC bá dé, ilé-ìwé kan náà yìí yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tí yóò wọ gbọ̀ngàn láti wá gba owó. Kò sẹ́ni tí yóò rán ọmọ lọ ra àkàrà. Fóònù kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ní ìta yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí náà, a mọ̀ ọ́n ṣe! A lè dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí a bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mọ̀. A kò lè dákẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú nígbà tí a bá ń fún un ní ìmọ̀ náà. A fi àlàáfíà ṣọ́ ìkórè, a wá fi ẹran sínú oko nígbà tí èso ń hù. Irú àgbẹ̀ wo nìyí?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ bákan náà. Ọmọ olówó tí kò gbọ́ ìdajì gbólóhùn nílé-ìwé yóò gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ lẹ́nu olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ háyà. Ìwé wà nílé rẹ̀, iná wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ọmọ aláàárù tàbí ti ìyá alákàrà kò ní ibòmíràn tí yóò ti gbọ́ ọ. Àwọn 40 ìṣẹ́jú yẹn ni gbogbo ogún rẹ̀. Bó bá délé, iṣẹ́ ilé ń dúró dè é. Bó bá jẹ́ obìnrin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè é nídìí ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń dá ẹ̀kọ́ irú ọmọ yìí lọ́wọ́ kọ́, kò sí bó ṣe lè rẹ́rìn-ín tó lẹ́nu ọ̀nà, àpò tálákà ló ń tú.

Kí ni kí a ṣe? Ohun tí mo fẹ́ dábàá kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Èkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yan àkókò fún iṣẹ́ jíjẹ́: ìpàdé òwúrọ̀, ìsinmi ráńpẹ́, àti ìgbà tí agogo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Kí ìwé kan wà ní yàrá àwọn olùkọ́ tí a ó máa kọ ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì sí, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ti jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn bi ara rẹ̀: “Ṣé èyí kò lè dúró di ìgbà tí agogo bá lù?” Bó bá lè dúró, kó dúró.

Èkejì, kí ọ̀gá ilé-ìwé fagi lé dídìde kí àlejò nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ kí àgbà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà ní ìta, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán. Ní kíláàsì, kí ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì láti wọlé fi ìwé pélébé lé olùkọ́ lọ́wọ́, kó sì máa lọ. Bó bá fẹ́ kí wọn, kó wúre fún iṣẹ́ wọn ní gbólóhùn kan bí a ti ń kí onídìrí.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kí fóònù rẹ̀ dákẹ́ nínú àpò. Kó má rán ọmọ níṣẹ́ kankan nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Kó má sì fi ìtàn òṣèlú àti ìbínú ilé gba àkókò ọmọ, nítorí pé olùkọ́ tó ń já ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbà kò ní ẹnu láti bá ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn wí.

Ẹ̀kẹrin kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. A kò lè ṣẹ́gun gbogbo ìdálọ́wọ́kọ́. Màmá yóò pè, ẹ ó sì jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde nídìí ìwé, ẹ kọ gbólóhùn kan sí etí rẹ̀: ibi tí ẹ dé, àti ohun tó kàn. Sophie Leroy àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan dán irú nǹkan báyìí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá kọ ibi tó dúró sí àti bí yóò ṣe tún bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ, ọkàn rẹ̀ kì í ṣẹ́kù sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì rí èrè rẹ̀. Bákan náà, bí olùkọ́ yín bá padà dé láti ẹnu ọ̀nà tó bi yín pé, “Ibo la dé?”, ẹ má kàn sọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó. Ẹ sọ gbólóhùn tó já. Ẹ ní, “Ẹ ní fáwẹ̀lì lọ, sà, ṣùgbọ́n kí ni?” Kò sí ìwà àfojúdi nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka èyí tán, wọn yóò ní ìjọba ló yẹ kí a bá wí. Ìjọba ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, ẹjọ́ náà sì pọ̀: àjà tó ń jò, owó oṣù tó ń pẹ́, ìjókòó tí kò tó. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn. Àwa ni. Ohun tí ọwọ́ wa fi bàjẹ́, ọwọ́ wa náà lè tún un ṣe, láìdúró de ìwé àṣẹ láti ibìkankan. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé kan ṣoṣo dìde ní ìpàdé òwúrọ̀, kó sọ pé láti òní lọ, bí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn láìnídìí, tó fi mọ́ òun fúnra òun. Kó ṣe é fún sáà kan. Lẹ́yìn náà, kó gbé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, kó sì wò bóyá ohùn òkè wà lórí “gbọ́mọ”.